Orin Òkúta ní Mpápè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fọ́ òkúta ní Mpápè.
Dàínámáìtì ló mú etí òsì mi lọ
lọ́jọ́ tí fọ́máànù gbàgbé láti fọn fèrè.
Èyí tó kù, ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n máa tan jẹnẹrétọ̀ ìjọ:
"Bàbá, ariwo ò lè ṣe yín ní nǹkan kan mọ́."
Mo gbà.
Ìkòkò tó ti fọ́ kì í bẹ̀rù ìṣubú.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ á dé.
Wọn kì í rìn wọlé, wọ́n ń ya wọlé ni,
bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ já lọ́nà.
Ṣẹ́kwónyà, ọmọ Gbàgyí, ló wà nídìí ìlù.
Ẹ̀ka dóńgóyárò ló gbẹ́ ṣe ọ̀pá ìlù,
torí pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti kán.
Táángù, ọmọ Tífì, ló ni gìtá olóhùn ńlá,
èyí tí mi ò gbọ́ rí, àfi kí n gbé ọwọ́ lé bẹ́ǹṣì.
Àti Ìbídùn.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá, gìtá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ.
Ilẹ̀ ló máa ń kí dípò èèyàn.
Ṣùgbọ́n ẹ ki wáyà bọ gìtá yẹn nídìí,
kí ẹ wá wo ọmọ tó ń fò bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná.

Mo bi í pé irú orin wo lèyí.
Ó ní, "Rọ́ọ̀kì ni, Bàbá. Òkúta ni."
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ òkúta
bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀!
"Òkúta kì í kọrin, Ìbídùn. Ó ń ṣẹ́ ni.
Ó ń ta síni lójú."
Kò jiyàn. Ó kàn gbé ohùn ẹ̀rọ sókè.

Díákónì Adégbìtẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí:
"Ṣé Jésù dití ni, tí ẹ fi ń pariwo mọ́ ọn báyìí?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Kò sì sẹ́ni tó bi èmi tí mo dití.

Inú ọyẹ́ ni àjọ̀dún àwọn ọmọdé bọ́ sí.
Ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ètè tí wọ́n fi òrí pa.
Orin odi Jẹ́ríkò ni wọ́n gbé,
wọ́n fò, àga oníke ń sún kiri láìsí ẹni lórí wọn,
wọ́n dé ibi tí odi ti fẹ́ wó,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Èmi ni mo mọ̀ pé epo ò kún.
Owó tí wọ́n fún mi ò tó jálá mẹ́rin.

Gìtá di eṣinṣin inú ike.
Mo sáré síta, mo gbá okùn jẹnẹrétọ̀ mú,
jálá tí mo fi pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn wà lọ́wọ́ kejì.
Nígbà náà ni nǹkan gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé.

Wọn ò dákẹ́.
Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, gbogbo wọn,
ilẹ̀ tí òkúta tí a fọ́ wà lábẹ́ rẹ̀,
ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òkúta wẹ́wẹ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á.
Ìgìrì, ìgìrì, ìgì.
Mo bọ́ sálúbàtà mi.
Ó gun orúnkún, ó gun egungun ẹ̀yìn,
ó dé ibi tí etí òsì mi wà tẹ́lẹ̀.
Ohùn kan ga ju ti ìyókù lọ, ó rí ṣákálá, ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ọmọ tí kì í kíni.

Díákónì yọjú lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi,
ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé: Ẹ tàn án! Ẹ tàn án!
Okùn wà lọ́wọ́ mi.
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Ta ni yóò bá mi wí?
Gbogbo Mpápè ló mọ̀ pé etí mi ti kú.